Yíyan ètò ìṣiṣẹ́ orísun-ṣíṣí fún iṣẹ́ alábòójútó kọ̀ǹpútà

Yíyan ètò ìṣiṣẹ́ orísun-ṣíṣí jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìpinnu àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ alábòójútó kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ òòjọ́. Alábòójútó kọ̀ǹpútà ni ẹni tí ń tọ́jú àwọn sáfà ilé-iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ ìjọba. Òun ni ó ń fi ètò sí orí wọn, tí ó ń fún àwọn ènìyàn ní àyè láti wọlé, tí ó ń ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, tí ó sì ń dáhùn nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn sáfà ayé ni ó ń lo Linux. Láti ọdún 1998 ni àkójọ TOP500 ti ń ka Linux mọ́ àwọn ètò tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà 500 tí ó yára jù lọ ní àgbáyé. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2017, Linux nìkan ni ó wà lórí gbogbo wọn.

Ẹ̀yà Linux pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹni, ṣùgbọ́n ìdílé díẹ̀ ni gbogbo wọn ti ṣẹ̀. Fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú bí Ilé-Ifẹ̀, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí dátà ti ń náni lówó, tí iná mànàmáná kì í dúró, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà sì jẹ́ tòkunbọ̀, àṣàyàn yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́ inú lásán. Ó kan owó àti àkókò.

Ìtumọ̀ àti ìtàn ìbẹ̀rẹ̀

Ètò ìṣiṣẹ́ ni ètò tí ó wà láàárín ohun èlò kọ̀ǹpútà àti àwọn ètò yòókù. Òun ni ó ń pín ìrántí kọ̀ǹpútà, tí ó ń darí díìskì, tí ó sì ń pinnu ẹni tí ó lè ka fáìlì kan tàbí tí ó lè yí i padà. A ń pe ètò ní orísun-ṣíṣí nígbà tí àkọsílẹ̀ tí àwọn olùkọ ètò kọ bá wà ní gbangba, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti lò ó, láti yẹ inú rẹ̀ wò, láti tún un ṣe, àti láti pín in fún ẹlòmíràn. Èyí kò sọ pé gbogbo rẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́: ilé-iṣẹ́ lè gba owó fún ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́ lórí ètò tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní gbangba.

Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ni Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1969. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, Richard Stallman kéde iṣẹ́ GNU, èyí tí ó fẹ́ kọ ètò tí ó dà bí Unix ṣùgbọ́n tí gbogbo ènìyàn ní òmìnira lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, kéde pé òun ń kọ ètò ìṣiṣẹ́ kékeré kan. Ohun tí ó kọ ni kánẹ́ẹ̀lì, èyí tí ó wà nínú ètò ìṣiṣẹ́ bí ekùrọ́ ṣe wà nínú ẹyìn. Ní ọdún 1992 ni ó fi Linux sí abẹ́ ìwé àṣẹ GPL ti GNU. Kánẹ́ẹ̀lì nìkan kò tó lò. Àwọn ènìyàn ní láti kó o pọ̀ mọ́ àwọn irinṣẹ́ GNU àti àwọn ètò mìíràn. Irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ni a ń pè ní ẹ̀yà Linux. Kánẹ́ẹ̀lì kan náà ni ó wà nínú fóònù Android.

Ilé-Ifẹ̀ àti ìbẹ̀rẹ̀ nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Yunifásítì Ifẹ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1961, tí a sì sọ ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní ọdún 1987, wà lára àwọn yunifásítì Nàìjíríà tí ó kọ́kọ́ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀ǹpútà ti ara wọn. Ní àárín àwọn ọdún 1990, ó bá ICTP ní ìlú Trieste ní Ìtálì dòwò pọ̀ lórí èyí. ICTP ni ibùdó ìmọ̀ físíìsì tí Abdus Salam, ọmọ orílẹ̀-èdè Pakistan, dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Àwọn onímọ̀ físíìsì ni ó nílò ọ̀nà láti fi lẹ́tà àti ìwé ìwádìí ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lókè òkun, ìwúlò náà sì tàn ká gbogbo ọgbà.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìsí àwọn tí yóò máa tọ́jú rẹ̀. Jákèjádò Áfríkà, ìdí yìí ni a fi dá AfNOG sílẹ̀ ní ọdún 2000, ẹgbẹ́ àwọn tí ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́dọọdún ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe ìdálẹ́kọ̀ọ́ ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó wáyé ní Lomé ní ọdún 2002, ó sì wáyé ní Abùjá ní ọdún 2007. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, FreeBSD, tí ó jẹ́ ètò orísun-ṣíṣí tí kì í ṣe Linux, ni a fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gba ẹ̀kọ́ náà padà lọ bójú tó sáfà Linux ní ibi iṣẹ́ wọn, ohun tí wọ́n kọ́ kò sì ṣòfò. Ẹni tí ó bá mọ bí íméèlì ṣe ń rìn, bí orúkọ ojú-ìwé ṣe ń di nọ́ńbà, àti bí a ṣe ń ka àkọọ́lẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ inú sáfà, yóò mọ̀ ọ́n lórí ètò yòówù.

Àwọn ìdílé pàtàkì

Ìdílé Debian. Ian Murdock ni ó kéde Debian ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Ilé-iṣẹ́ kankan kò ni ín. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni káàkiri àgbáyé ni ó ń ṣe é, wọ́n sì ń dìbò yan olórí wọn. Láti ara rẹ̀ ni Ubuntu ti jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, lábẹ́ Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfríkà, àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀ Canonical. Orúkọ náà wá láti inú àwọn èdè Gúúsù Áfríkà bíi Súlù àti Xhosa, ó sì dúró fún èrò pé ènìyàn di ènìyàn nípasẹ̀ àwọn ẹlòmíràn. Títí di ọdún 2011, Canonical máa ń fi CD Ubuntu ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ó bá béèrè, èyí sì ran àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn kò lágbára lọ́wọ́ púpọ̀. Àṣẹ apt ni a fi ń kó ètò wọlé nínú ìdílé yìí.

Ìdílé Red Hat. Ilé-iṣẹ́ Red Hat bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993. IBM sì rà á ní ọdún 2019 ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Red Hat Enterprise Linux, tí a máa ń gé kúrú sí RHEL, ni ọjà rẹ̀ pàtàkì. Fedora ni ibi tí a ti ń dán àwọn ohun tuntun wò kí wọ́n tó dé inú RHEL. AlmaLinux àti Rocky Linux, tí àwọn méjèèjì jáde ní ọdún 2021, jẹ́ ọ̀fẹ́, a sì ṣe wọ́n kí ohun tí ó bá ń ṣiṣẹ́ lórí RHEL lè ṣiṣẹ́ lórí wọn. Àṣẹ dnf ni a fi ń kó ètò wọlé níbí.

Ìdílé SUSE. Jámánì ni SUSE ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1992. A kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé rẹ̀ ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí ń lo SAP fún ìṣirò owó àti ọjà wọn máa ń fi í sí orí sáfà wọn.

Ìdílé BSD. FreeBSD àti NetBSD jáde ní ọdún 1993; OpenBSD ya kúrò lára NetBSD ní ọdún 1995. Láti ọwọ́ àwọn ará OpenBSD ni OpenSSH ti wá, irinṣẹ́ tí àwọn alábòójútó ń lò lójoojúmọ́ láti wọ inú sáfà láti ọ̀nà jíjìn. Netflix ń fi FreeBSD pín fíìmù, WhatsApp náà sì lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àmọ́ iṣẹ́ tí ó béèrè fún ìmọ̀ BSD nìkan kéré.

Ohun tí ó jọra àti ohun tí ó yàtọ̀

Lórí Debian, Ubuntu, RHEL àti SUSE, àṣẹ systemctl kan náà ni a fi ń tan iṣẹ́ sáfà tí a sì fi ń pa á. Àṣẹ journalctl kan náà ni a fi ń ka ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bash ni ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ, ọ̀nà tí a fi ń fún ènìyàn ní àyè lórí fáìlì kò sì yàtọ̀.

Ìyàtọ̀ wà nínú bí a ṣe ń kó ètò wọlé, ibi tí àwọn fáìlì ìṣètò wà, àti ọ̀nà ààbò. RHEL àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ń lo SELinux, èyí tí ó lè dí iṣẹ́ kan lọ́wọ́ bí àmì tí ó wà lára fáìlì kò bá bá òfin mu. Debian àti Ubuntu ń lo AppArmor, èyí tí ó rọrùn díẹ̀ fún olùbẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ máa ń pa SELinux nígbà àkọ́kọ́ tí ó bá yọ wọ́n lẹ́nu. Ní ibi iṣẹ́, irú ìwà bẹ́ẹ̀ lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè. Ẹni tí ó bá mọ ìdílé kan dáadáa lè mọ èkejì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó mọ mẹ́wàá ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kò tíì mọ ọ̀kan.

Ẹ̀kọ́ inú ọ̀rọ̀ CentOS

CentOS, tí ó jáde ní ọdún 2004, jẹ́ ẹ̀dà RHEL lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ agbàlejò ojú-ìwé, yunifásítì àti ilé-iṣẹ́ kéékèèké gbára lé e. Nígbà tí CentOS 8 jáde ní ọdún 2019, a retí pé yóò máa rí àtúnṣe ààbò gbà títí di ọdún 2029. Ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 2020, a kéde pé àtúnṣe náà yóò dópin ní òpin ọdún 2021, àti pé CentOS Stream, tí ó ń ṣáájú RHEL dípò kí ó tẹ̀lé e, ni yóò rọ́pò rẹ̀. Àwọn alábòójútó tí wọ́n rò pé ọdún mẹ́jọ ṣì wà níwájú wọn rí i pé ọdún kan péré ni ó kù. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yìí ni ó bí Rocky Linux, tí Gregory Kurtzer, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ CentOS, dá sílẹ̀, àti AlmaLinux. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Red Hat tún dín ibi tí ó ń gbé àkọsílẹ̀ RHEL sí ní gbangba kù. Láti ìgbà náà, AlmaLinux fi í ṣe ìlànà pé kí ètò rẹ̀ lè gba ohun tí ó wà fún RHEL, kì í ṣe pé kí ó jẹ́ ẹ̀dà rẹ̀ láìyẹ̀ ẹyọ kan.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé, kí a tó yan ètò kan, kí a béèrè ẹni tí ó ni ín, ẹni tí ó ń sanwó fún ìtọ́jú rẹ̀, àti ọjọ́ tí àtúnṣe ààbò rẹ̀ yóò dópin. Ubuntu tí a pè ní LTS máa ń jáde ní ọdún méjì méjì, ó sì ń gba àtúnṣe fún ọdún márùn-ún. Debian ń gba nǹkan bí ọdún márùn-ún bí a bá ka ìtọ́jú àfikún mọ́ ọn. RHEL, AlmaLinux àti Rocky ń gba ọdún mẹ́wàá.

Àwọn òṣùwọ̀n fún àṣàyàn

Irú iṣẹ́ tí a ń wá. Ẹni tí ó ń fojú sọ́nà fún iṣẹ́ ní ilé-ìkàwé tàbí ẹ̀ka kọ̀ǹpútà yunifásítì yóò rí i pé ìdílé Debian bá a mu. Koha, ètò ilé-ìkàwé orísun-ṣíṣí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní New Zealand, tí ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé yunifásítì Nàìjíríà sì ń lò, wà fún Debian ní ìrísí tí apt lè gbé wọlé tààrà. Ẹni tí ó ń wo ilé-ìfowópamọ́ tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ní Èkó ní láti mọ ìdílé Red Hat. Oracle kò fọwọ́ sí lílo ibi ìpamọ́ dátà rẹ̀ lórí Debian. Orí Oracle Linux, RHEL àti SUSE ni ó ti fọwọ́ sí i. Ẹni tí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí a ń yá lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò pàdé Ubuntu níbi púpọ̀.

Ọjọ́ orí kọ̀ǹpútà. RHEL 10, tí ó jáde ní ọdún 2025, kò lè ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Intel tí a ṣe ṣáájú ọdún 2013, nítorí àwọn àṣẹ inú èrò-iṣẹ́ tí ó nílò kò sí nínú wọn. Rocky Linux 10 náà rí bẹ́ẹ̀. AlmaLinux 10 ní ẹ̀dà mìíràn fún irú kọ̀ǹpútà àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Debian 13, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, bí wọ́n bá ti jẹ́ bíìtì 64. Kò tún ṣe é gbé sórí kọ̀ǹpútà bíìtì 32 mọ́. Ẹni tí ó fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní láti béèrè ọdún tí a ṣe é kí ó tó san owó.

Dátà. Fáìlì ìbẹ̀rẹ̀ kékeré ti Debian kò tó gígábáìtì kan, ohun tí a bá nílò nìkan ni yóò sì lọ kó wá. DVD Rocky tàbí AlmaLinux lè ju gígábáìtì mẹ́jọ lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà tí ó kéré jù ú lọ wà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n jọ ń gbé lè lo apt-cacher-ng: kọ̀ǹpútà kan ni yóò gba ètò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn yòókù yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ láìná dátà mìíràn.

Iná mànàmáná. Ext4, tí Debian ń lò fún díìskì, àti XFS, tí RHEL ń lò, máa ń kọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe sílẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é, kí ètò àkójọ fáìlì má baà dàrú bí iná bá lọ lójijì. Èyí kò dáàbò bo iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́, kò sì rọ́pò ẹ̀dà ìpamọ́.

Ìwé ẹ̀rí

Ìdánwò LPIC-1, láti ọwọ́ LPI tí a dá sílẹ̀ ní Kánádà ní ọdún 1999, kò gbè sẹ́yìn ẹ̀yà kankan. Ó ń béèrè ìmọ̀ nípa ètò Debian àti ti Red Hat pọ̀. Ìpín méjì ni, ìwé ẹ̀rí náà sì wúlò fún ọdún márùn-ún. RHCSA ti Red Hat jẹ́ ìdánwò àfọwọ́ṣe: a ó fún olùdánwò ní kọ̀ǹpútà, a ó sì ní kí ó ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí ó bá ṣe gbọ́dọ̀ ṣì wà lẹ́yìn tí a bá pa kọ̀ǹpútà náà tí a sì tún un tàn. Ọdún mẹ́ta ni ó fi wúlò. Ẹni tí ó ń múra sílẹ̀ fún RHCSA lè fi AlmaLinux tàbí Rocky kọ́ ọ, tàbí kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Red Hat, tí ó ń fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní RHEL lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà 16.

Èdè Yorùbá lórí Linux

Nínú ètò pátákó ìtẹ̀wé tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Linux ń lò, ìṣètò kan wà fún Nàìjíríà, tí ó ní ẹ̀ka Yorùbá, Haúsá àti Ígbò. Àmì yo_NG ni a fi ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé kí ó lo àṣà Yorùbá, bí àpẹẹrẹ fún orúkọ ọjọ́ àti oṣù. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ó fi wọ́n síbẹ̀. Bí a bá rí àṣìṣe nínú wọn, ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti fi àtúnṣe ránṣẹ́, èyí sì jẹ́ ọ̀kan lára ọ̀nà tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà kópa nínú iṣẹ́ orísun-ṣíṣí.

Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá lé eku méjì yóò pòfo. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń pààrọ̀ ẹ̀yà Linux lóṣooṣù yóò mọ bí a ṣe ń gbé ètò sórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ alábòójútó: ó ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì, nígbà tí díìskì bá kún, tí ìwé ẹ̀rí ààbò ojú-ìwé bá tán, tàbí tí àtúnṣe kan bá ba iṣẹ́ mìíràn jẹ́. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í hàn lórí ètò tí kò pé oṣù kan.

Fún olùbẹ̀rẹ̀ tí dátà rẹ̀ kò pọ̀, tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sì ti pẹ́, Debian tàbí Ubuntu LTS ni ó rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀. Kí ó gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan láìsí àwòrán àti fèrèsé, àṣẹ títẹ̀ nìkan. Gígábáìtì ìrántí kan tó o. Kí ó sọ ọ́ di sáfà tí ẹlòmíràn ń lò ní tòótọ́, ìbáà jẹ́ ibi ìpamọ́ fáìlì fún ilé tàbí ojú-ìwé fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ó sì tọ́jú rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Kí ó máa kọ gbogbo àyípadà tí ó bá ṣe sínú ìwé, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Kí ó ṣe ẹ̀dà ìpamọ́, kí ó sì dá a padà sórí kọ̀ǹpútà mìíràn láti mọ̀ bóyá ó pé, nítorí ẹ̀dà tí a kò tíì dán wò kò ṣeé gbára lé.

Lẹ́yìn èyí ni ó tó lo VirtualBox tàbí KVM láti tan AlmaLinux gẹ́gẹ́ bí kọ̀ǹpútà inú kọ̀ǹpútà, kí ó sì tún sáfà kan náà kọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú SELinux ní títàn. Ibi tí ó bá ti kọsẹ̀ ni yóò fi ìyàtọ̀ ìdílé méjèèjì hàn án. Ibi tí kò bá ti kọsẹ̀ ni ìmọ̀ tí yóò máa bá a lọ sí ibi iṣẹ́ yòówù.